Bá a ṣe ń gbé Debian sínú VirtualBox bó ṣe wù wá, lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM ẹ̀ ò ju 4GB lọ

Okun o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi kan ní Iyamoye, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Wọ́n ní kó lọ kọ́ Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, níléèwé, ló bá gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà nílé wọn, ó fẹ́ nu Windows orí ẹ̀ kúrò pátápátá, láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo náà tí ìyá ẹ̀ fi ń ṣe ìṣirò ọjà gààrí o! Mo ní rárá, má dán an wò, gba VirtualBox kó o fi kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà. Ó lọ ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ṣe ló kàn ń tẹ Next, Next, Next títí tó fi parí. Lọ́jọ́ kejì ló pè mí pé nǹkan náà ń wọ́ bí ìgbín, pé òun tẹ sudo, àṣẹ téèyàn fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀gá nínú Linux, wọn ò gbà fún òun, pé ta tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní vboxuser tó wà lórí sikirín òun yìí. Ẹ̀rín pa mí. Ó gbé e wá bá mi ní Kabba lọ́jọ́ Sátidé, a nu gbogbo ẹ̀ a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tá a ṣe lọ́jọ́ náà nì yìí, kí n má bàa máa tún un sọ lórí fóònù fún èèyàn mẹ́wàá.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ orúkọ tá a máa pè wọ́n. Windows tó wà lórí láptọ́ọ̀pù yín, òun ni onílé. Debian, oríṣi Linux kan tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wọlé, òun ni àlejò. VirtualBox ni yàrá tẹ́ ẹ fún àlejò. Ohun tí àlejò bá ṣe nínú yàrá yẹn, ibẹ̀ ló máa parí sí, kò lè dé inú ilé ẹ̀yin onílé, àfi inú fólídà tẹ́ ẹ bá fúnra yín ní kí wọ́n jọ máa lò. Ẹ rántí eléyìí o, torí ó níbi tá a máa dé tí ẹ̀rù máa bà yín.

Kẹ́ ẹ tó dáńlóòdù ohunkóhun

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows, Task Manager máa jáde, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU. Ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Virtualization sí. Tó bá jẹ́ Enabled, ó ti parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ Disabled, bó ṣe sábà máa ń rí lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ nìyẹn, ẹ máa ní láti wọ BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò láptọ́ọ̀pù tó máa ń wá kí Windows tó tàn: ẹ pa láptọ́ọ̀pù, bẹ́ ẹ bá tún ń tàn án ẹ máa tẹ F10 léraléra tó bá jẹ́ HP, F2 tó bá jẹ́ Dell, F1 tó bá jẹ́ ThinkPad. Nínú ibẹ̀ ẹ wá Virtualization Technology, tàbí VT-x, tàbí SVM tó bá jẹ́ AMD, ẹ tàn án, ẹ sééfù, ẹ jáde. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan míì níbẹ̀ jọ̀ọ́.

Ẹ wá dáńlóòdù VirtualBox lórí virtualbox.org, èyí tí wọ́n kọ Windows hosts sí, ọ̀fẹ́ ni, ti Oracle ni. Debian ẹ̀wẹ̀, orí debian.org ló wà. Èyí tó jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Debian 13, tí wọ́n ń pè ní trixie. Oríṣi fáìlì méjì ló ṣe pàtàkì fún wa. Èkíní ni netinst, kò tó 1GB, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí kíkéré ẹ̀ tàn yín, ó máa tún fa ọ̀pọ̀ nǹkan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é lọ́wọ́. Èkejì ni DVD-1, ó tóbi gan-an, ó sún mọ́ 4GB, àmọ́ nǹkan tẹ́ ẹ nílò ti wà nínú ẹ̀, ẹ lè ṣe é tán láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Èmi o, fún ẹni tó bá wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, DVD-1 ni mo máa ń sọ pé kó gbà, kẹ́nì kan tó ń lọ sí Lokoja tàbí Ilorin bá a dáńlóòdù ẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, kó gbé e bọ̀ wálé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, ẹ ti lè fi fún ogún èèyàn.

Ẹ yẹ fáìlì náà wò kẹ́ ẹ tó lò ó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń já, fáìlì á dà bíi pé ó pé kó má pé. Lórí Windows ẹ ṣí Command Prompt nínú fólídà tí fáìlì wà, kẹ́ ẹ tẹ

certutil -hashfile orúkọ-fáìlì.iso SHA256

Ó máa kó àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà jànràn-janran jáde. Fáìlì kan wà níbi tẹ́ ẹ ti dáńlóòdù tí wọ́n ń pè ní SHA256SUMS, ẹ fi wé ti inú ẹ̀. Tí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, fáìlì yẹn ti bàjẹ́. Mo ti jókòó ti fáìlì tó bàjẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ rí, mo rò pé láptọ́ọ̀pù ló ní wàhálà.

Yàrá àlejò

Ẹ ṣí VirtualBox, ẹ tẹ New. Ẹ fún un lórúkọ, ẹ fi ISO, ìyẹn fáìlì Debian tẹ́ ẹ dáńlóòdù, sí i. Ibí gan-an ni àbúrò mi ti ṣìnà. VirtualBox láti 7.0 máa ń fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, wọ́n ń pè é ní Unattended Installation, ìyẹn ni pé á bá yín dáhùn gbogbo ìbéèrè tí Debian fẹ́ bi yín. Òun ló sọ orúkọ yín di vboxuser, tó fi changeme ṣe páswọ́ọ̀dù yín, tó yan désíìkì (ojú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa rí lórí sikirín, bí wíńdò àti bọ́tìnì) tó wúwo jù fún yín, tí kò sì fún yín láṣẹ sudo. Ẹ ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yẹn. Ẹ wá àpótí kékeré tí wọ́n kọ Skip Unattended Installation sí, ẹ máàkì í. Nínú ẹ̀dà míì wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà, ó máa jẹ́ Proceed with, yíyọ ni kẹ́ ẹ yọ máàkì ẹ̀. Ẹ ṣáà ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa.

RAM ló kàn. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, àwọn àgbà wa ti wí. Ẹ ní 4GB, ẹ fún àlejò ní 3GB, Windows tó jẹ́ onílé ò wá ní rí èémí mí mọ́, gbogbo ẹ̀ á dì gbagidi, àtonílé àtàlejò. Lórí 4GB mo máa ń fún un ní 1536MB, lórí 8GB mo máa ń fún un ní 3072MB. Processor, ẹ fún un ní 2, àfi tí láptọ́ọ̀pù yín bá ti ní 2 péré, kẹ́ ẹ fún un ní 1. Hard disk, 20GB ti tó, ẹ má ṣe máàkì Pre-allocate Full Size. Tẹ́ ò bá máàkì í, fáìlì náà á kéré níbẹ̀rẹ̀, á máa tóbi bẹ́ ẹ bá ṣe ń kó nǹkan sí i, 20GB yẹn ò ní lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣáà ni pé tó bá ti tóbi kì í fúnra ẹ̀ kéré padà, bẹ́ ẹ tiẹ̀ pa nǹkan rẹ́ nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wọ Settings, Display, ẹ gbé Video Memory sókè sí 128MB, kẹ́ ẹ fi Graphics Controller sílẹ̀ sórí VMSVGA. Network, ẹ fi í sílẹ̀ lórí NAT. Ó tán.

Bẹ́ ẹ bá tẹ Start tí nǹkan náà wá ń fà jù, ẹ wo ìsàlẹ̀ wíńdò náà, bóyá ẹ máa rí àwòrán ìjàpá kékeré kan tó láwọ̀ ewé. Ìjàpá gidi ni mò ń sọ o, kì í ṣe àwàdà! Ó túmọ̀ sí pé Hyper-V, ohun tí Windows fúnra ẹ̀ fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ti gba iṣẹ́ náà mọ́ VirtualBox lọ́wọ́. Ẹ lè pa Hyper-V àti Virtual Machine Platform nínú Windows Features, kẹ́ ẹ sì tún láptọ́ọ̀pù tàn. Memory integrity náà máa ń fà á, àmọ́ ààbò ni ìyẹn jẹ́ fún onílé, èmi kì í pa á àfi tí nǹkan ò bá ṣeé fara dà.

Ìbéèrè tí Debian máa bi yín

Ẹ mú Graphical install. Máòsì yín lè há sínú yàrá àlejò, ẹ tẹ Ctrl ti ọwọ́ ọ̀tún, á jáde. English ni kẹ́ ẹ mú fún èdè, ẹ mú Nigeria fún orílẹ̀-èdè, aago Èkó á wọlé fúnra ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù, American English, torí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń wọlé síbí, ti Yorùbá á wá tó bá yá.

Hostname ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà náà máa jẹ́. Lẹ́tà A sí Z, nọ́ńbà, àti àmì sísopọ̀ nìkan, kò gba àmì ohùn kò gba àlàfo. Àbúrò mi kọ Ìyàmoyé tàmìtàmì, wọ́n dá a padà, ó wá kọ alejo. Domain name, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Wọ́n máa wá béèrè páswọ́ọ̀dù root. Ẹ dúró díẹ̀ síbí. Tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, Debian á dá root sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ẹ̀yin alára ò wá ní ní sudo. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, lẹ́ẹ̀mejèèjì o, wọ́n á ti root pa, orúkọ tẹ́ ẹ bá dá lẹ́yìn ìyẹn ló máa gba àṣẹ sudo. Lófìfo ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé àṣìṣe ni láti má kọ nǹkan kan, wọ́n á kọ ọ́, ọ̀la ni wọ́n máa pariwo pé sudo ò ṣiṣẹ́.

Ẹ wá kọ orúkọ yín, orúkọ ìwọlé, páswọ́ọ̀dù. Ẹ kọ páswọ́ọ̀dù yẹn síbì kan.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bani nì yìí: Partition disks. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé Guided, use entire disk. Ẹ̀gbọ́n kan ní Isanlu pè mí lórí fóònù níbí yìí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, pé fọ́tò ìgbéyàwó òun wà lórí láptọ́ọ̀pù o, pé ṣé kóun tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó ka orúkọ díìsìkì tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi. Ó kà á: VBOX HARDDISK, 21.5 GB. Mo ní láptọ́ọ̀pù rẹ ńkọ́, ó ní 500GB. Mo ní ṣó o ti rí i báyìí, yàrá àlejò ni wọ́n fẹ́ gbá, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé rẹ wà. 20GB tá a fún un ni wọ́n ń kà sí 21.5 yẹn, ọ̀nà ìṣirò ló yàtọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wá VBOX HARDDISK yẹn, tẹ́ ẹ bá ti rí i, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ mú All files in one partition, ẹ mú Finish partitioning. Wọ́n á bi yín léèkan sí i bóyá kí wọ́n kọ ọ́ sí díìsìkì, orí No ni wọ́n máa gbé e sí, ẹ̀yin ẹ mú Yes.

Tó bá jẹ́ netinst, wọ́n á béèrè mirror, ìyẹn ibi tí wọ́n ti máa fa nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú deb.debian.org, HTTP proxy ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Tó bá jẹ́ DVD-1 tẹ́ ò sì ní dátà, ẹ ní No nígbà tí wọ́n bá béèrè network mirror. Popularity-contest, No.

Software selection: ojú ìwé yìí ló kó gbogbo ìṣòro àbúrò mi dání, ẹ má sáré kọjá ibẹ̀. Wọ́n ti bá yín máàkì Debian desktop environment àti GNOME. GNOME dáa, ó rẹwà, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ kò lè yọ̀ nínú 1536MB. Ẹ yọ máàkì lórí GNOME, ẹ yọ ọ́ lórí Debian desktop environment náà, kẹ́ ẹ wá máàkì Xfce. Kí nìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ yọ méjèèjì? Torí tẹ́ ẹ bá yọ GNOME nìkan tẹ́ ò máàkì òmíì, tẹ́ ẹ fi Debian desktop environment sílẹ̀, á kàn yan fúnra ẹ̀, GNOME kan náà ló sì máa yàn. LXQt tún fúyẹ́ dáadáa, tẹ́ ò bá fẹ́ Xfce. Ẹ fi standard system utilities sílẹ̀. SSH server, ohun tó ń jẹ́ kéèyàn wọ kọ̀ǹpútà láti orí kọ̀ǹpútà míì, ẹ máàkì í tẹ́ ẹ bá ń kọ́ iṣẹ́ sáfà (server). Tó bá jẹ́ sáfà nìkan lẹ fẹ́ kọ́, ẹ má mú désíìkì kankan, ojú dúdú tẹ́ ẹ máa máa tẹ àṣẹ sí nìkan ni, ó sì máa yá bí àṣá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú Install lásán dípò Graphical install, tí máòsì ò ṣiṣẹ́: Space lẹ fi ń máàkì, kì í ṣe Enter o. Tẹ́ ẹ bá tẹ Enter, ó ti lọ nìyẹn pẹ̀lú GNOME tí wọ́n ti máàkì sílẹ̀, dátà yín náà ti ń lọ.

Ibí ló máa ń pẹ́ jù. Ibí náà ni iná ti lọ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ náà ò sì lè gbé e ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ X tó wà lókè wíńdò àlejò, ẹ mú Save the machine state, á sùn síbi tó dé, bí iná bá padà dé á jí láti ibẹ̀. Tó bá jẹ́ netinst tó ń fa nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, èyí tó ń fà lọ́wọ́ lè já nígbà tó bá jí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún un gbìyànjú, ẹ gbà fún wọn. A lọ jẹ iyán, a padà dé, iná dé, a ń bá a lọ.

GRUB, ohun tó máa ń jí Debian bẹ́ ẹ bá tàn án, ló kù. Wọ́n á béèrè pé ṣé kí wọ́n gbé e sórí díìsìkì àkọ́kọ́, ẹ ní Yes, ẹ mú /dev/sda. Ti àlejò náà ni. Kó tún ara ẹ̀ tàn. Tó bá tún gbé ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ wá, ẹ lọ sí Devices, Optical Drives, ẹ yọ ISO kúrò níbẹ̀.

Ó ti wọlé, kò tíì ríran

Ẹ kọ́kọ́ pa á, kẹ́ ẹ lọ sí Snapshots nínú VirtualBox, ẹ mú Take, ẹ sọ ọ́ ní mimo. Látòní lọ, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bàjẹ́, ẹ lè padà síbí yìí. Èmi kì í fọwọ́ kan nǹkan kan kí n tó ṣe eléyìí, mo ti kọ́gbọ́n.

Ẹ tún un tàn. Ẹ máa rí i pé sikirín ẹ̀ kéré láàárín wíńdò, ẹ ò lè kọ́pì nǹkan láti Windows lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, kò mọ bí sikirín onílé ṣe fẹ̀ tó. Guest Additions ló máa là á lójú. Ẹ ṣí Terminal:

sudo apt update
sudo apt upgrade

Páswọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ò ní hàn lójú, ìràwọ̀ gan-an ò ní hàn, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo DVD-1, apt, àṣẹ tó ń gbé nǹkan wọlé sínú Debian, lè máa béèrè díìsìkì náà, ẹ ṣí /etc/apt/sources.list kẹ́ ẹ fi # síwájú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú deb cdrom, kẹ́ ẹ wá kọ ìlà yìí sábẹ̀ ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ti ní dátà:

deb http://deb.debian.org/debian trixie main

Tí ìyẹn bá ti tán ẹ tún àlejò tàn, kẹ́ ẹ wá tẹ:

sudo apt install build-essential dkms linux-headers-amd64

Ẹ lọ sókè wíńdò, Devices, Insert Guest Additions CD image. Lẹ́yìn náà:

sudo mount /dev/cdrom /mnt
sudo sh /mnt/VBoxLinuxAdditions.run
sudo reboot

Tó bá ti padà dé, ẹ fa wíńdò náà fẹ̀, sikirín á tẹ̀ lé yín. Devices, Shared Clipboard, ẹ mú Bidirectional. Tí iná bá pa apt láàárín tí kò wá fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́, sudo dpkg --configure -a ló máa ń bá mi tún un ṣe.

Fólídà tí onílé àti àlejò máa jọ lò: ẹ dá fólídà kan sórí Windows, ẹ sọ ọ́ ní ise láìfi àmì sí i, ẹ wọ Devices, Shared Folders, ẹ mú un, ẹ máàkì Auto-mount àti Make Permanent. Nínú àlejò ẹ tẹ

sudo adduser orúkọ-yín vboxsf

Ẹ jáde kẹ́ ẹ tún wọlé, ẹ máa rí i ní /media/sf_ise. Tẹ́ ò bá jáde kẹ́ ẹ tún wọlé, wọ́n á máa sọ pé Permission denied, ẹ ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wá kàn. Settings ti Xfce, Keyboard, Layout, ẹ yọ máàkì lórí Use system defaults, ẹ tẹ Add, ẹ wá Nigeria, ẹ ṣí i, Yoruba wà nínú ẹ̀, Hausa àti Igbo náà wà níbẹ̀. Ẹ yan bọ́tìnì tẹ́ ẹ máa fi máa yí láàárín òun àti American. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i pé ẹnì kan ti jókòó ṣe é fún wa.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn

Ẹ má tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ṣe ọ̀kan dáadáa, fún un ní páswọ́ọ̀dù rọrùn kan, pa á, File, Export Appliance, ó máa fún yín ní fáìlì kan tó parí sí .ova. Ẹni tó bá gbà á á mú Import Appliance, á sì yan Generate new MAC addresses for all network adapters, kí àlejò méjì má bàa máa jẹ́ àdírẹ́sì kan náà. Bó bá ti wọlé, passwd ni kó kọ́kọ́ tẹ̀, kó fi páswọ́ọ̀dù tiẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá máàkì SSH server, kó pa kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́ kó ṣe tuntun:

sudo rm /etc/ssh/ssh_host_*
sudo dpkg-reconfigure openssh-server

Àbúrò mi fi fíláàṣì gbé ti ẹ̀ lọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ní Iyamoye. Ìgbà àkọ́kọ́ kò wọ fíláàṣì náà, Windows ní fáìlì tóbi jù, bẹ́ẹ̀ àyè 16GB ló wà lórí ẹ̀. FAT32 ló wà lórí fíláàṣì náà ni, kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4GB. A kó orin inú ẹ̀ kúrò, a fọ́máàtì ẹ̀ sí exFAT, ó wọlé.